Òróró wo ló dára fún aago ọwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago ọwọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀, èyí tí à ń fọwọ́ lọ́, ló ṣàdédé dúró. Ọ̀rẹ́ mi ní eruku Kétu níbí ló wọ̀ ọ́, kí n ṣí ìdí rẹ̀ kí n kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Mo kán an, ó sì rìn, àmọ́ eré ló ń sá: láàrin wákàtí kan, ó ti fi ìṣẹ́jú 15 ṣíwájú. Òróró wo ló yẹ kí n lò nílé?

Ìdáhùn: Kò sí. Àbúrò, kò sí èyíkéyìí. Aago kẹta rèé tí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ máa kó bá, tí ẹjọ́ rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́. Mo ṣí ọ̀kan lọ́jọ́ kan, òórùn àdí ló kọ́kọ́ kí mi.

Irin tín-ín-rín kan wà nínú aago rẹ tó ká bí ìkarahun ìgbín. Sìpírálì là ń pè é. Òun ló ń darí àgbá kékeré tó ń yí lọ yí bọ̀, tó ń mú aago dún. Ìká rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kan èkejì. Bí òróró bá débẹ̀, ìká méjì mẹ́ta á lẹ̀ mọ́ra, sìpírálì á wá máa ṣe bí èyí tí wọ́n gé kúrú, bó bá sì ti kúrú tó ni àgbá ń yára tó. Ohun tó ń lé e sáré nìyẹn. Ìwọ rò pé ara rẹ̀ ti yá!

Mágínẹ́ẹ̀tì náà lè mú aago sáré, bí o bá ń gbé e sídìí spíkà. Àmọ́ ìwọ ti fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ òróró.

Ẹ wò ó, "17 Jewels" tí ẹ ń rí lójú aago, òkúta pupa wínníwínní ni wọ́n ń kà, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn àgbá ń yí sí. Kì í ṣe wúrà, kí ẹnikẹ́ni má fi gbowó gọbọi lọ́wọ́ yín. Ojú wọn ni òróró aago ń lọ ní pàtàkì. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni mo fi ń bù ú, awò sì wà lójú mi. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ á ṣàn kiri, á kó eruku mọ́ra, á di ẹrẹ̀ tí yóò máa ha irin jẹ. A kì í kán tuntun lé èyí tó ti gan. A ó tú aago palẹ̀, a ó fọ̀ ọ́ ná.

Nílé, pààrọ̀ okùn rẹ̀, fi aṣọ tútù díẹ̀ nu ara rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ ti rọ́bà, ọṣẹ ìfọyín lè pa ibi tó ha rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ti bátìrì, bí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá ń fo mẹ́rin-mẹ́rin, ó sábà máa ń jẹ́ pé bátìrì ló fẹ́ kú. Ẹ tètè yọ ọ́ kó tó sun omi.

Tìrẹ, má lọ́ ọ mọ́. Dé ìdí rẹ̀, fi aṣọ mímọ́ wé e, gbé e lọ bá alágo. Èmi ò rí i lójú, n ò lè ṣèlérí pé yóò padà bọ̀ sípò. Bí alágo náà bá ní 500 fáráńkì lòun á gbà, pé òun á kàn "fi epo sí i," gba aago bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.