Èsì: Láti Adó-Èkìtì dé Disneyland Paris

Ẹ kú ètò o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Adó lọ bá àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ sì jọ wọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Disneyland Paris, ọgbà ìgbádùn ọmọdé ní Faransé, láìná owó rẹpẹtẹ.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí kì í ṣe Ìkọ́gòsì tí èèyàn kàn ń dìde lọ. Físà Gẹ̀ẹ́sì kò gbé yín wọ Faransé. Ẹ gba ti Schengen, ìyẹn físà tó kárí Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lọ́tọ̀, ní Èkó tàbí Àbújá, kí ẹ tó kúrò nílé; wọn kì í sábà fún àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù. Yúrò 90 ni ti àgbà, 45 ni ti ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò tó 6. Kí ẹ sì rí i pé físà Gẹ̀ẹ́sì yín ṣeé fi padà wọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín wa ọkọ̀ náà, kó sì rántí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Faransé. Rélùwéè abẹ́ òkun tó ń gbé ọkọ̀ láti Folkestone ní Gẹ̀ẹ́sì dé Calais ní Faransé kò ju ìṣẹ́jú 35 lọ, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń díye lé, kì í ṣe orí èèyàn. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láti Calais, ó ku bíi 300 kìlómítà kí ẹ tó dé Disneyland. Wọ́n ń gbowó lójú ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ẹ fi sínú ìṣirò.

Ẹ má di ìrẹsì ẹlẹ́ran o! Wọn kì í jẹ́ kí ẹran àti wàrà wọ Faransé. Ìpékeré àti ẹ̀pà ti tó. Hòtẹ́ẹ̀lì ìta ọgbà ló dínwó, pàápàá tí kì í bá ṣe àkókò ìsinmi ilé ìwé.