Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Họ́ọ̀lù Àdúgbò Tí A Lè Sá Sí Lọ́jọ́ Omíyalé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kan ní apá Láfẹnwá, l'Abẹ́òkúta. A ti dá owó díẹ̀ jọ, a fẹ́ kọ́ họ́ọ̀lù tí a ó máa ṣe mítíìnì àti ìnáwó níbẹ̀, tí àwọn èèyàn á sì lè sá wọ̀ tí odò Ògùn bá kún. Alága wa ní búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, AC mẹ́rin àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ló yẹ wá. Ọmọ àdúgbò wa kan tó kàwé nípa ilé yíyà ní ká fi ilẹ̀ pupa kọ́ ọ, ká gbé sólà sí i, pé kò ní máa tú èéfín sáfẹ́fẹ́. Àwọn àgbà fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ilé alámọ̀ la tún fẹ́ padà sí ni. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ilẹ̀ tí wọ́n fún wa tẹ́jú dáadáa, ẹ̀bá odò ló wà.

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú làálàá àdúgbò. Gbólóhùn tó kẹ́yìn lẹ́tà yín ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀bá odò kẹ̀? Ibi tí ẹ fẹ́ sá sí ni omi á kọ́kọ́ wọ̀ yẹn! Odò Ọyàn ń ṣàn wọ odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta, dáàmù tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1983 ṣì wà níbẹ̀, tí òjò September sí October bá wá pọ̀ jù tí wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà kọjá. Ẹ fi ilẹ̀ yẹn ṣe pápá bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ wá ibi tó ga, Abẹ́òkúta la wà, òkè ò wọ́n wa. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà tó ti pẹ́ lágbègbè yẹn kí wọ́n fi ibi tí omi dé lára ògiri wọn hàn yín.

Ọmọ yín ò parọ́ o. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun kó tó di sìmẹ́ǹtì, òkúta yẹn fúnra rẹ̀ ló ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, jáde bí wọ́n ṣe ń sun ún, yàtọ̀ sí èéfín ohun tí wọ́n fi dáná, nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, nǹkan bíi 8 nínú 100 ló ń ti ara sìmẹ́ǹtì wá. Àwa tí ilé iṣẹ́ Ewékorò ti wà nítòsí wa láti 1960, a ti rò pé láìsí sìmẹ́ǹtì kò sílé. Ohun tí ọmọ yín ń sọ kì í ṣe ògiri amọ̀ ayé bàbá wa. Ilẹ̀ pupa ni wọn yóò sẹ́, wọn á po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, bíi 5 sí 8 nínú 100, wọn á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù, wọn á fi ọ̀rá bò ó kó má tètè gbẹ, kò sí pé à ń sun ún. Francis Kéré, ayàwòrán ilé ọmọ Burkina Faso, irú amọ̀ àpòpọ̀ yìí ló fi kọ́ iléèwé abúlé rẹ̀ ní Gando, wọ́n parí ẹ̀ ní 2001, páánù rẹ̀ ga sókè kúrò lórí sílíìnì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín kọjá. Ní 2022 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àwọn àgbà.

Ṣùgbọ́n amọ̀ ò fẹ́ omi tó dúró sí i lẹ́sẹ̀. Òkúta ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, ibi tí bíríkìlà bá ní ó nílò kọnkéré, ẹ fi sìmẹ́ǹtì síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má rà á rárá.

Ní ti AC àti jẹnẹ, èmi ò fara mọ́ Alága, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí omi bá dí ọ̀nà, tí NEPA mú iná lọ, ta ló fẹ́ lọ wá epo wá? Ilé tí kò nílò epo ló máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni kì í tú èéfín, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Fèrèsé ńlá ńlá tó kọjú síra, fáànù, gílóòbù, ibi tí èèyàn á ti ṣájì fóònù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, fìríìjì kékeré fún oògùn bíi ínsúlíìnì, sólà lè gbé gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ sáà gbé bátìrì sókè, kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì tan ara yín lórí iye èèyàn. Ìlànà Sphere tí àwọn tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù ń tẹ̀lé ní ẹnìkan nílò ó kéré tán sukuéà mítà 3.5 láti sùn, àti omi lítà 15 lóòjọ́. Họ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní mítà 14, tó gùn ní mítà 15, èèyàn 60 ló máa gbà, kì í ṣe 300 tó ń jókòó níbi ìnáwó, omi wọn lóòjọ́ jẹ́ lítà 900. Òjò tó bá rọ̀ tó mìlímítà 20 sórí páánù ilé yẹn á fún yín ní bíi lítà 4,000, ẹ gbé gọ́tà sí i, kó máa dà sí táǹkì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páánù dànù ná. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún èèyàn 20, kí tobìnrin dá dúró kó sì ní kọ́kọ́rọ́ nínú.

Ìbéèrè: Tiwa ní Ìtòkú, họ́ọ̀lù ti wà látọjọ́, títì ni wọ́n tì í pa, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti kó lọ sí Èkó. Ṣé ká kọ́ òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má kọ́ nǹkan kan! Ilé tó ti wà nílẹ̀ ni èéfín rẹ̀ kéré jù, torí èéfín sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́ ọ ti jáde tipẹ́. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ ṣe é ní mẹ́ta, kó wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta tó ń sùn ládùúgbò, kí ẹnìkan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ní Bangladesh, lẹ́yìn ìjì 1970 tó pa èèyàn tó lé ní 300,000, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìsádi sórí òpó gíga, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ iléèwé lọ́jọ́ lásán, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n di ilé ejò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ àfikún níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí àwọn alájẹṣẹ́kù máa ṣèpàdé níbẹ̀, bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, wọ́n á ti mọ̀ kó tó di ọjọ́ àjálù. Ẹ kọ 112, nọ́ńbà tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, gàdàgbà sára ògiri. Sólà ń kọ́? Ó dáa, ṣùgbọ́n kí káfíńtà gun òkè lọ wo páánù yẹn àti igi abẹ́ ẹ̀ ná, torí páánù Ìtòkú tó ti dípẹtà látayébáyé, ẹ lè gbé sólà olówó ńlá lé e kí gbogbo ẹ̀ jọ wálẹ̀.