Síńgù sóòlù lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí àwo 45: ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Àbúrò mi, o ní orin sóòlù rẹ gùn tó ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 40, pé Peckham ní London lo ti fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, àti pé o fẹ́ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 3, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí àwo ínṣì 7. Ọ̀sẹ̀ 3 kò tó. Orin náà sì ti gùn jù fún àwo yẹn.

Àwo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa pinnu ìyókù. Àwo 45, ìyẹn àwo ínṣì 7 tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, tí RCA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1949, máa ń dún dáadáa bí ojú kan kò bá kọjá ìṣẹ́jú 3 àbọ̀ sí 4. Bí orin bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gé àwo ní láti mú ohùn wálẹ̀ kí àwọn ìlà má bàa wọnú ara wọn, ariwo àwo fúnra rẹ̀ á sì wá yọjú. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín àwo ni ìlà tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń kúrú sí i, ohùn tó mú á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ìparí orin ni olórin sóòlù sì máa ń ké jù lọ! Ibi tí àwo ti rọ jù lo fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo jù lé. Gé orin náà sí bí ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20: dín ìfáàrà kù kí ohùn rẹ wọlé kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó pé, kí ìparí sì rọra lọ sílẹ̀. Fi èyí tó gùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti gbígba ohùn, jẹ́ kí onílù, onígìtá, oníbéèsì àti ẹni tó ń tẹ dùùrù jọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní àwọn ọdún 1960 ní Stax, ilé iṣẹ́ orin sóòlù kan ní Memphis ní Amẹ́ríkà, nínú ilé sinimá àtijọ́ lójú ọ̀nà McLemore, tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ bíi ti sinimá. Àmọ́ bí ìwọ náà bá kọrin nínú yàrá kan náà, ìlù á wọnú máìkì rẹ, o ò sì ní lè tún ìlà kan ṣoṣo kọ mọ́. Kọrin fún wọn láti yàrá kejì kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ dé, kí o wá gba ohùn gidi lọ́jọ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ ohùn, dúró ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí máìkì, kí asẹ́ tó ń dá èémí dúró wà láàárín, kí o yí máìkì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí èémí má bàa gbá a lójú. Ibi tí o ti ń ké jù ni kí o kọ́kọ́ kọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, kó fi gbé ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ kí òkè rẹ̀ má kọjá -10 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn, 0 sì ni òpin ohun tí ẹ̀rọ lè gbà). Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹsẹ tó tutù ni wọ́n fi ń wọn ohùn, ìgbà tí igbe bá dé, gbogbo rẹ̀ á fọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe. Bí igbe bá ń bọ̀, sún sẹ́yìn dé sẹ̀ǹtímítà 40. Bí hẹ́ẹ̀dìfóònù bá pariwo jù, ohùn á máa wálẹ̀ kúrò lórí nóòtì láìjẹ́ pé o mọ̀. Ṣí etí kan, kí o fi apá hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ṣí náà tẹ orí rẹ kí orin má bàa jò sínú máìkì. Kọ orin náà tán lódindi nígbà mẹ́rin, kí o sinmi. Kíkọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń gba ẹ̀mí kúrò lára rẹ̀.

O ní Yorùbá wà nínú orin náà, nítorí náà ṣọ́ra fún lílọ́ ohùn. Bí o bá lọ́ “ọkọ” tí o parí rẹ̀ lókè, ọkọ́ ni etí máa gbọ́. Bí o bá parí rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ti di ọkọ̀. Kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀ lórí ohùn rẹ̀, kí etí ti mú un, kí o tó lọ́ ọ, tàbí kí o kó gbogbo lílọ́ náà sórí “o” tó wà ní ìparí ìlà. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn ṣe, tọ́ ohùn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nóòtì tó sún mọ́ ọn jù ló máa ń fa ohùn sí, ohun tó wà láàárín nóòtì méjì sì ni adùn sóòlù.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbé ẹsẹ tó tutù sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí compressor, ẹ̀rọ tó ń tẹ ibi tó pariwo wálẹ̀, bá ti ń jẹ jù 3 tàbí 4 dB lọ, èémí àti ìró s àti ṣ ló ń gbé jáde. Àwo kórìíra ìró méjèèjì yìí, ìró “shhh” bí epo gbígbóná ni wọ́n máa ń dà. Ní kí wọ́n rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ láàárín 5 sí 9 kHz, ibi tí ìró tínrín wọ̀nyẹn wà. Kí béèsì wà láàárín gbùngbùn, kó má pín sí ọ̀tún àti òsì, torí abẹ́rẹ́ lè fò. Gba fáìlì méjì: WAV 24-bit (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀) tí wọn kò fi limiter, ẹ̀rọ tó ń dí òkè ohùn, tẹ̀ fún àwo, àti òmíràn fún íntánẹ́ẹ̀tì. Spotify máa ń mú orin wá sí nǹkan bíi -14 LUFS, ìwọ̀n bí odindi orin ṣe ń pariwo tó, nítorí náà èyí tí o bá tẹ̀ dé -8, wọ́n á kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni.

Ìwé ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní sitúdíò, ẹ kọ ìpín gbogbo àwọn tó kọ orin náà sílẹ̀, kó pé 100, kí ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó tẹ dùùrù bá ló dá ìfáàrà sílẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà: ti orin tí ẹ kọ, PRS, ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin ní UK, ló ń gbà á, àti ti ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, PPL, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní UK, ló ń gbà á, orúkọ àwọn tó lu ohun èlò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Orin gígùn àti kúkúrú kò gbọdọ̀ ní ISRC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ohùn tí a gbà sílẹ̀, kan náà. Orúkọ rẹ pẹ̀lú: yan bí o ó ṣe máa kọ ọ́, pẹ̀lú àmì tàbí láìsí àmì, kí o má yí i padà, kí orin rẹ má bàa bọ́ sójú ìwé ẹlòmíràn.

Fi orin ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó máa pín in sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ku ọ̀sẹ̀ 4 tí yóò jáde. Ti Spotify for Artists, níbi tí olórin ti ń fi orin tuntun han àwọn tó ń to àkójọ orin Spotify, ó kéré tán kó ku ọjọ́ 7.

Ṣùgbọ́n má dá ọjọ́ kankan kí o tó gbọ́ àwo àyẹ̀wò, ìwọ̀nba tí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ ń tẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Gbọ́ gbogbo èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Bí nóòtì gígùn bá ń mì lọ mì bọ̀, ihò àárín kò sí ní gbùngbùn. Bí “ta!” kan bá dún lórí ẹyọ kan ṣoṣo, àwo yẹn ló ní àléébù. Bó bá dún ní ojú kan náà lórí gbogbo wọn, irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ló bàjẹ́: má fọwọ́ sí i, ní kí wọ́n ṣe irin tuntun.