Àbúrò, fi dọ́là dè é mọ́lẹ̀

Àbúrò tó kọ =B2*H1 sórí Excel tí ìlà àkọ́kọ́ pé, àmọ́ tó fà á wálẹ̀ tí gbogbo ìyókù wá ń gbé òdo jáde, ìwọ tiẹ̀ ríire o. Òdo yẹn ló jẹ́ kó o tètè fura. Tèmi ò gbé òdo kankan jáde, oṣù kan gbáko ló fi purọ́ fún mi.

Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń tajà, Nàìjíríà la ti ń kó o wọlé, náírà la fi ń rà á, sẹfà la fi ń tà á. Mo bá ṣe tábìlì sórí Excel, orúkọ ọjà wà ní A, iye náírà wà ní B, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà lọ́jọ́ yẹn, 0,40, mo kọ ọ́ sí H1. Ọṣẹ 100 000 náírà, ó fún mi ní 40 000 sẹfà ní C2, inú mi dùn, mo fà á dé C5. Tó o bá ti fà á wálẹ̀, B2 á di B3, ìyẹn daa, ohun tá a fẹ́ nìyẹn, àmọ́ H1 náà á tẹ̀ lé e di H2. Tìẹ, kò sí nǹkan kan ní H2, òdo dé. Tèmi, iye tí wọ́n ṣẹ́ ẹ láwọn oṣù tó ti kọjá ni mo tò síbẹ̀ kí n má bàa gbàgbé, 0,42, 0,45, 0,50! Abọ́ ike tó yẹ kó jẹ́ 40 000 di 50 000, mo tún wá gbé èrè lé e, àwọn oníbàárà á wò mí, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi rò pé ayé ló ń ṣe mí.

Kọ ọ́ báyìí: =B2*$H$1. Àmì dọ́là ($) iwájú H ò ní jẹ́ kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti iwájú 1 ò ní jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan lò ń fà á sí, H$1 náà tó, àmọ́ ẹni ejò ti bù jẹ rí ni mí, méjèèjì ni mò ń fi sí i. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé tiwa, dọ́là ò jìnnà sí Entrée, tàbí kó o kàn tẹ F4 tó o bá wà lórí H1 (lápútọ́ọ̀pù míì, wàá di Fn mú pọ̀ mọ́ ọn). Má sì kọ 0.40 bíi tàwọn ará Nàìjíríà o, Excel tó ń sọ Faransé á ké #VALEUR! mọ́ ẹ, ìyẹn ni pé kò lè ṣírò rẹ̀.

Kó o tó gba iye kankan gbọ́, tẹ àpótí tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á fi àwọ̀ yí àwọn àpótí tó ń lò ká. Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé C5 lọ dì mọ́ H4, mo kàn gbórí lé tábìlì ni.