Kí ló dé tí wọ́n fi orúkọ ẹja pe ohun ìjà?

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Exocet, mísáìlì tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ń gbé kiri, orúkọ ẹja ni. Ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni, àbúrò. Èdè Faransé ni. Exocet ni wọ́n ń pe ẹja òkun kan tó máa ń fò yọ nínú omi, tí yóò na lẹbẹ́ rẹ̀ bí apá ẹyẹ, tí yóò sì fẹ́ lọ lórí ìgbì kó tó padà wọmi. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, "asùn-síta" ló túmọ̀ sí, torí wọ́n gbà pé ẹja kan máa ń jáde wá sùn sí etí òkun. Èmi fẹ́ràn asùn-síta ju ẹja fífò lọ. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ Nord Aviation ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí mísáìlì yìí. Lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ kékeré àwọn Íjíbítì fi mísáìlì Styx tí ìjọba Soviet ṣe ri Eilat, ọkọ̀ ogun ńlá Ísírẹ́lì. Àmọ́ òkè ni Styx ń gbà. Rádà, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn, lè tètè rí i. Exocet ní tiẹ̀ kì í ga ju mítà mélòó kan lọ lórí omi. Ilé ayé rí roboto, ìríran rádà kì í sì í tẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ń bọ̀ nílẹ̀nílẹ̀ yóò ti dé tòsí kí wọ́n tó rí i. Ó sì ń sáré bí 300 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan!

Kí ni kì í jẹ́ kó wọmi? Ó ní ẹ̀rọ kan lábẹ́ tó ń ju ìtànṣán sílẹ̀, tó sì ń fi bó ṣe ń ta padà wọn bí omi ṣe jìnnà tó, bí ìgbà tí atukọ̀ bá ń fi ọ̀pá wo ìjìnlẹ̀ ọ̀sà. Ẹ̀rọ mìíràn ń ṣọ́ ọ kó má yà lọ́nà. Rádà wà ní imú rẹ̀, àmọ́ kì í là á bí ojú títí yóò fi kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó ń lé, kí ọ̀tá má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Ojú oorun ló fi ń rin ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà náà. Asùn-síta! Àdó olóró 165 kílò wà láàárín, ohun tó ń tì í sì wà ní ìdí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1982, nígbà ogun Falklands, ọkọ̀ òfuurufú Àjẹntínà fi ọ̀kan lu HMS Sheffield, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Iná sọ, ènìyàn 20 kú, ọkọ̀ náà sì rì lọ́jọ́ 10. Látìgbà náà ni àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi exocet ṣàkàwé ọ̀rọ̀ tó bá balẹ̀ gbàmù lórí ẹni tí kò retí rẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Nàìjíríà ra ọkọ̀ ogun mẹ́ta láti Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n gbé Exocet mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ NNS Ekun: ẹkùn, tó gbé ẹja pọ̀n.