Àmù tó lu káàkiri ara tí wọ́n ń yà ní Benin, kí ló túmọ̀ sí?

Ẹnìkan bèèrè pé òun rí aṣọ kan láti Abomey, olú ìlú ìjọba Dàhòmì àtijọ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wọ́n ya àmù tó kún fún ihò sí i, ọwọ́ sì ń dí ihò náà, ó ní ṣé oògùn ni àbí kí ni. Kì í ṣe oògùn o. Àmì Ọba Ghezo ni, tó jọba Dàhòmì láti 1818 di 1858, òun náà ló kógun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851 táwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà, ẹ ò ní gbàgbé ìyẹn.

Ohun tí Ghezo ń sọ ni pé ìlú dà bí àmù tó lu, tí gbogbo ọmọ ìlú bá lè wá fìka dí ihò ara ẹ̀, ìlú á là. Ẹ wò ó dáadáa, ìka mẹ́wàá péré lẹnì kan ní, ihò sì yí àmù po, kò sí bó ṣe lè dá a dí bó ti wù kó lágbára tó, àfi kó gbà pé ẹlòmíì ń bẹ lápá ọ̀hún tóun ò rí. Ẹni tó bá sì yọ ìka tiẹ̀ pé òun fẹ́ họra, ibẹ̀ lomi á ti máa dà.

Àwa Yorùbá lè fẹ́ pè é ní ajere, àmọ́ wọn ò dọ́gba. Ajere, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò sí i ni, tá a bá wá ní ẹnìkan ń pọnmi sájere, iṣẹ́ àṣedànù là ń wí. Àmù Ghezo, omi ló yẹ kó gbà. Èyí tó sún mọ́ ọn lọ́dọ̀ wa ni àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Lónìí, orílẹ̀-èdè Benin (tiwọn o, kì í ṣe Bìní ti Edo) ti sọ ọ́ di àmì ìṣọ̀kan gbogbo ẹ̀yà ibẹ̀, Fọ̀n, Àjà, Bàrìbá, Dendi, títí kan Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí "ọmọ ìlú" lẹ́nu Ghezo, ará Dàhòmì ló ń bá wí, ogun Dàhòmì kan náà ló sì fọ́ Kétu ní 1886 láyé Glele ọmọ ẹ̀, wọ́n wá ní kọ́mọ Kétu náà mú ìka wá.

Tẹ́ ẹ bá tún rí irú aṣọ yẹn, ẹ wo ẹranko tó wà lára ẹ̀: ẹfọ̀n, Ghezo náà ni, kìnnìún ni ti Glele, àkurákudà ni ti Behanzin tó jọba lẹ́yìn Glele.