Má Jẹ́ Kí Wọ́n Kun Ojú Aago Bàbá Rẹ

Àbúrò mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Kọ́kọ́ lọ gba aago yẹn padà lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí o tó wá jókòó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. O ní aago ọwọ́ Seiko 5 tí bàbá fi sílẹ̀ ń sáré, pé bí ogún ìṣẹ́jú ló fi ń ṣáájú láàárín ọjọ́ kan. O ní oníṣẹ́ aago sọ pé kí o jẹ́ kí òun yọ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ dànù, kí òun fi ti bátìrì rọ́pò rẹ̀, kí òun sì kun ojú rẹ̀ kó lè dán bíi tuntun. O wá bèèrè bóyá kí o gbà. Má gbà rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra aago àtijọ́, tí mo ń tú wọn, tí mo sì ń tò wọ́n padà. Ogbó kọ́ ló ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dé ọwọ́ mi jẹ́. Irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ yìí ni.

Aago tó ń sáré tó báyẹn kì í sábà jẹ́ aago tó ti gbó. Èyí tí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ, kíkú ló máa ń kú mọ́ni lọ́wọ́: o bọ́ ọ sílẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, o bá a níbi tó dúró sí. Èyí tó bá ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, sípíríǹgì tín-ín-rín inú rẹ̀ ni kí o fura sí. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń mì lọ, mì bọ̀. Sípíríǹgì yẹn ló ń dá a padà. Nínú àwọn Seiko 5 tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìró mẹ́fà ló ń dún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 21,600 ní wákàtí kan. Sípíríǹgì náà ká lọ́pọ̀ ìgbà, ká kan kò sì gbọdọ̀ fara kan èkejì. Bí méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ó di pé sípíríǹgì kúrú, kẹ̀kẹ́ á máa yára mì, ọwọ́ aago náà á sì máa sáré. Tí o bá ṣírò rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ kò ju ìró 7,200 lọ lórí 518,400 tó yẹ kó dún. Ohun kékeré báyìí ni wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ ju odidi ẹ̀ńjìnnì nù.

Òòfà ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé òun náà lè mú kí ká lẹ̀ mọ́ ká, yíyẹ̀ ẹ́ wò ò sì gba kí o ṣí aago. Spíkà fóònù ní òòfà, ìdérí báàgì tó ń pa ara rẹ̀ dé ní in, àpò fóònù tó ń lẹ̀ pọ̀ ní in. Àwọn bàbá wa ńkọ́? Orí rédíò ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé aago lé kí wọ́n tó sùn, spíkà ńlá nìyẹn ní gbogbo òru. Wá kọ́ńpáàsì kékeré, èyí tó ní abẹ́rẹ́ gan-an, má lo ti inú fóònù. Gbé e lé orí gíláàsì aago náà. Irin ara aago lè fa abẹ́rẹ́ náà díẹ̀, ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n bí aago ṣe ń dún, òòfà ti wọ inú rẹ̀. Àpótí kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò wọ́n. Gbé aago lé e, tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kí o máa gbé aago náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ á fi nà tán, ìgbà yẹn ni kí o tó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ nígbà tí aago ṣì wà lórí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òòfà ló ń fi kún òòfà. Má sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, ó máa ń gbóná.

Bí kì í bá ṣe òòfà, bèèrè nílé bóyá ẹnì kan ti gbé e lọ tún ṣe láìpẹ́. Mo ń bèèrè nítorí ohun tí mo máa ń bá nínú wọn. Oníṣẹ́ kan á ri gbogbo ẹ̀ńjìnnì bọ inú bẹntiróòlù láìtú u, á fẹ́ ẹ títí á fi gbẹ, á wá kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ sí i káàkiri. Aago á jí, inú oní-nǹkan á dùn, owó á ti kúrò lápò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì náà á ṣàn kọjá ibi tó yẹ kó wà, á dé orí sípíríǹgì, eruku ọyẹ́ á gbà á, ká á lẹ̀ mọ́ ká. Níbẹ̀ ni sísáré ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wá sọ fún ọ pé ẹ̀ńjìnnì ti kú.

Títún aago ṣe gan-an, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u títí kò fi sí ohun kan tó so mọ́ èkejì mọ́, kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, kí ó gbẹ, kí wọ́n wá máa tò ó padà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú awò lójú. Ọ́ìlì ò sì dọ́gba. Fún ibi tó ń yára, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń mì yẹn, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ bíi Moebius 9010 ni. Fún jíà tó ń rọra yí, tó sì ń gbé ẹrù, èyí tó nípọn jù ú lọ ni. Eyín ọ̀pá kékeré tó ń dá jíà dúró ní tirẹ̀, Moebius 9415. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀pá kan náà, gbígbẹ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀, a kì í kán ohunkóhun sí i. Ìwọ̀n ọ́ìlì tó lọ síbi kọ̀ọ̀kan kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá oníṣẹ́ kan mọ̀ ọ́n, béèrè irú ọ́ìlì tó ń lò. Tó bá ní ọ̀kan ṣoṣo ni, dúpẹ́, kí o gbé aago rẹ kúrò níbẹ̀. Béèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró aago, tó ń ya ìlà fún ọ láti fi hàn bó ṣe ń rìn. Wo àwọn sukúrù tó wà lórí iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí: bí orí wọn bá ti fàya, ọwọ́ rẹ̀ wúwo nìyẹn. Kí ó sì ṣí ìdérí ẹ̀yìn lójú rẹ, kí o fi fóònù ya inú rẹ̀ kí o tó fi sílẹ̀. Mo ti rí aago tó lọ pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì mímọ́, tó padà pẹ̀lú jíà inú aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé o ní fọ́tò kì í dán irú ẹ̀ wò.

Yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè báyìí, kí o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà, àmì kékeré, lẹ́yìn náà mẹ́rin mìíràn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹ̀ńjìnnì. 7009 ni mo máa ń rí jù lára ti àwọn bàbá, ti ìparí àwọn ọdún 1970 sí àwọn ọdún 1980 nìyẹn. 7S26 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Nọ́ńbà mìíràn tún wà tó dá dúró lọ́tọ̀: ti àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ òpin ọdún tí wọ́n ṣe é, ìkejì jẹ́ oṣù, láti 1 dé 9, lẹ́yìn náà O fún oṣù kẹwàá, N fún ìkọkànlá, D fún ìkejìlá. Bí ó bá jẹ́ 7009, tí nọ́ńbà tó dá dúró yẹn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 83, oṣù kẹta 1978 tàbí 1988 ni. Ìyá rẹ ló máa mọ èwo ni, torí ó ṣeé ṣe kí ó rántí ọdún tí bàbá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún ọ, mo fura. Nínú 7009 àti 7S26 méjèèjì, kókó ẹ̀gbẹ́ kì í wáìnì aago, ìyẹn ni pé kì í fún un lágbára láti rìn. O lè yí i títí ọwọ́ á fi bó, kò ní gbé nǹkan kan wọlé. Irin wíwúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì ló ń wáìnì rẹ̀, nípa ọ̀pá eléyín kan tí Seiko ń pè ní Magic Lever, tí wọ́n ti ń lò láti 1959. Ibi yòówù tí irin náà bá yí sí, wáìnì ni. Tó bá ti kú, dì í mú kí o máa mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí èkejì fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí o wá fi sọ́wọ́. Má tún déètì ṣe láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí o. Eyín jíà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, wàá kán an. Bí o kò bá sì mọ̀ bóyá òwúrọ̀ tàbí alẹ́ ni aago ń kà, yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú títí déètì á fi yí. Ọ̀gànjọ́ òru nìyẹn. Tí orúkọ ọjọ́ bá hàn ní èdè Lárúbáwá, kò bàjẹ́, èdè méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀. Yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ti Gẹ̀ẹ́sì á jáde. Ọ̀kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Alhaji kan rí bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ sí ti Lárúbáwá rẹ̀.

Wàyí o, ojú aago. Èyí ló ká mi lára jù. Ojú tí wọ́n kùn kò ṣeé dá padà mọ́. Jíà tó kán, a lè rí òmíràn. Ojú tí wọ́n bá ti ha ọ̀dà tó bá a wá láti Japan kúrò, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn tó ń kó aago jọ á fi owó gidi ra ojú tó ti ní àmì pupa díẹ̀, tí funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ ọ̀rá, wọn ò sì ní wo ojú tó ń kọ mànà bí o bá fi tọrẹ. Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún Seiko 5 tí wọ́n kùn ní Íńdíà, búlúù, ọsàn, pupa, oríṣiríṣi àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà kò ṣe rí. Wo lẹ́tà tó kéré jù lọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá òǹkà mẹ́fà. Ti gidi mú, ó tín-ín-rín, ó sì ṣeé kà lábẹ́ awò, orúkọ ẹ̀ńjìnnì máa ń wà nínú rẹ̀. Ti kíkùn á nípọn tàbí kó wọ́, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní sí rárá. Ti bàbá rẹ, o mọ ibi tó ti wá, kò sí ẹni tó lè bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Kí ló dé tí o fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn? Má tilẹ̀ fi òwú olómi nù ún. Mo ti rí ẹni tó fi ìka tútù nu ojú aago, tí orúkọ Seiko tẹ̀ lé ìka náà jáde.

Gíláàsì tó ti fá, pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn ò burú. Ara irin, fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀ńjìnnì kúrò, kí o fi igi ìtayín yọ ìdọ̀tí abẹ́ kókó tó sá sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà mẹ́rin. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ẹ̀rọ ìdán. Igun rẹ̀ á di róbótó, ìlà tí wọ́n fá sí i á parẹ́. (Ẹni tó bá fẹ́ aago tí kì í fá, kó lọ wá Rado DiaStar, èyí tí àwọn Alhaji fẹ́ràn, láti 1962 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ kó má jẹ́ kó já bọ́ sórí táìsì, ẹ̀tì gíláàsì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́.)

Ní ti bátìrì, oníṣẹ́ yẹn ò purọ́ bó bá ní yóò péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tí Seiko fúnra rẹ̀ fi sí 7S26 ni kó má fi ju 40 ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú tàbí 20 rẹ̀yìn lóòjọ́, aago bátìrì tí kò wọ́n á na ìyẹn. Seiko kan náà ló sì kọ́kọ́ ta aago ọwọ́ oníkúásì (irú ẹ̀ńjìnnì tó wà nínú aago bátìrì òde òní), Astron, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969. Bó bá jẹ́ àkókò gan-an lo fẹ́ mọ̀, fóònù wà lápò rẹ. Ra aago bátìrì lọ́tọ̀ tó bá wù ọ́. Ti bàbá, jẹ́ kí ó máa fi ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀ rìn. Bó bá wá jẹ́ 7S26, tó sì ti dípẹtà kọjá àtúnṣe, ẹ̀ńjìnnì NH36 láti ilé Seiko kan náà lè wọ inú rẹ̀, ìyẹn tún ṣeé fi kókó wáìnì. Kódà nígbà náà, gba ti àtijọ́ padà, dì í sí nínú ọ̀rá.

Má gbé e wọ balùwẹ̀, má sì fi ṣe àlùwàlá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nípa omi. Rọ́bà tó ń dí i ti gbẹ látọjọ́ pípẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, kí wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i.

Tó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o fọwọ́ ara rẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n má fi ti bàbá kọ́ ọ. Ra òkú 7009 méjì tàbí mẹ́ta lọ́jà, tú wọn, sọ sukúrù wọn nù, wá wọn lábẹ́ àga, kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń fúyẹ́. Ìdajì wọn á di ẹ̀yà tí wàá nílò lọ́jọ́ mìíràn.

Yọ òòfà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Fi í sọ́wọ́ ní ọ̀sán, fi í lélẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè lálẹ́, kí o máa kọ bó ṣe rí sí ti fóònù sílẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti padà sí ìṣẹ́jú kan tàbí kéré sí i lóòjọ́, kò sí wàhálà, máa wọ̀ ọ́ títí wàá fi rí oníṣẹ́ tó mọ ọ́ tú. Bó bá ṣì ń sáré, ọ́ìlì tàbí sípíríǹgì tó wọ́ ni, fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Má fi ọ̀bẹ ṣí i o.